Àlejò Tí Kì Í Pariwo

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó ń rìn bíi pé ilẹ̀ ló yẹ kó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ bàtà rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ béèrè, Ọ̀gá Kòlèyẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn ará ìlú ló fún un, nítorí kò sí ìṣirò tó ṣe rí tí kò fi "kò lè yẹ̀" parí. Dípò kí inú bí i, ńṣe ló ní kí wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì òun, kí lẹ́tà rẹ̀ sì jẹ́ aláwọ̀ wúrà. Ẹni tí a bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ tó gbà á bí oyè, kí la tún fẹ́ ṣe fún un?

Iṣẹ́ rẹ̀ rèé. Àwọn àlejò ti ń pọ̀ ní ìlú náà: oníṣòwò, èrò ilé ìwòsàn ńlá, àwọn tó wá gbafẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò fẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì mọ́, ilé onílé ni wọ́n ń yá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún ọjọ́ méjì mẹ́ta. Onílé tó bá fẹ́ wọ òwò yìí, tó sì fẹ́ yá owó láti fi tún ilé ṣe, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìlú, ìwé tó sọ iye tí ilé náà máa mú wọlé lọ́dún. Ọ́fíìsì Ọ̀gá Kòlèyẹ̀ ló ń ṣe ìwé ọ̀hún.

Àga méjì ló wà fún un níbẹ̀, ọ̀kan fún ìjókòó lásán, ọ̀kan fún ìṣirò. Ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀ kò ju irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò lọ, àmọ́ orí àwo ni wọ́n ti ń gbé e wọlé, pẹ̀lú aṣọ àrán lábẹ́ rẹ̀. Bó bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, tó pe iye owó jáde, gbogbo òṣìṣẹ́ á dìde, wọ́n á sọ pé "Kò lè yẹ̀!" lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá rẹlẹ̀, Igbákejì á kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Igbákejì yìí ni igbákejì Ọ̀gá, ọkùnrin kan tó jẹ́ pé bí Ọ̀gá bá sín, imú tirẹ̀ ni yóò nù.

Ẹni tó ń fọwọ́ kọ àwọn ìwé náà kí òǹtẹ̀ tó bà wọ́n ni obìnrin kan tí gbogbo ayé ń pè ní Akọ̀wé. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún díẹ̀, ó jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́, ìkọ̀wé rẹ̀ sì dára bí ohun tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló ti fi ń bá wọn pariwo "Kò lè yẹ̀". Kò gbà á gbọ́, kò sì sọ pé òun ò gbà á gbọ́, owó oṣù ló ń gbà. Ẹ má tíì bú u. Ẹ rántí ohun tí ẹ̀yin náà ti pàtẹ́wọ́ fún rí nítorí pé ọ̀gá yín ń wojú yín.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Ọ̀gá rí ọ̀rọ̀ kan nínú fáìlì. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi sójú.

"Ta ló kọ 'nǹkan bíi' síbí?"

"Èmi ni, sà," Akọ̀wé dáhùn. "Mo ní ilé yẹn lè mú nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta wá lọ́dún. Wọ́n ń gbẹ́ ojú ọ̀nà àdúgbò yẹn lọ́wọ́, bóyá àlejò ò ní fẹ́..."

"Bóyá!" Ọ̀gá kúrò lórí àga ìjókòó, ó bọ́ sórí àga ìṣirò kí ọ̀rọ̀ náà lè ní ìwúwo. "Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba! Ẹ̀yin tí mo fi òógùn ojú mi tọ́ dàgbà! Ṣé oòrùn máa ń sọ pé bóyá òun máa là? Ṣé ikú máa ń sọ pé nǹkan bíi èèyàn mẹ́ta lòun wá mú? Èmi tí ẹ ń wò yìí, ọjọ́ tí wọ́n bí mi, mo ka àwọn tó wà nínú yàrá kí n tó ké! Bóyá ló sọ ìlú di tálákà! Bóyá ló ń pa ọ̀làjú lọ́mọ! Èmi yóò sì pa bóyá!"

"Ọ̀rọ̀ ńlá!" ni Igbákejì wí, ó ń nu omijé tí ẹnikẹ́ni ò rí.

Kó tó di ọ̀sán, òfin ti jáde. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ "bóyá", "nǹkan bíi" tàbí "ó ṣeé ṣe" nínú ọgbà ọ́fíìsì mọ́. Ẹni tó bá sọ ọ́, ìdúró ni yóò wà tí yóò fi kọ "Kò lè yẹ̀" ní ìgbà ọgọ́rùn-ún. Èyí tó burú jù ni "mi ò mọ̀". Ẹni tó bá sọ ìyẹn yóò lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ kan láìgba owó. Láti ọjọ́ náà, bí èèyàn bá béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pé ṣé Ọ̀gá wà lọ́fíìsì, ohun tí yóò gbọ́ ni pé, "Wọ́n wà tàbí wọn ò sí, kò lè yẹ̀."

Báwo wá ni Ọ̀gá ṣe ń ṣe ìṣirò rẹ̀? Ẹ fara balẹ̀, kò le. Ilé kékeré kan wà ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, yàrá méjì àti ibi ìdáná. Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn (ẹ foríjì mí, ní ọdún méjì sẹ́yìn, kò lè yẹ̀), ó ní kí ìyàwó òun gbé ilé náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn àlejò, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá fún alẹ́ kan. Kàlẹ́ńdà kan wà lójú ewé náà. Ọjọ́ tó bá ṣí sílẹ̀ á funfun, ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò lè gbà mọ́ á pupa. Lọ́sẹ̀ kejì tí Ọ̀gá yẹ̀ ẹ́ wò, ó ti pupa láti oṣù kìn-ín-ní dé ìkejìlá, kò ku ọjọ́ funfun kan ṣoṣo.

Inú Ọ̀gá dùn dé bi pé ó ní kí wọ́n tẹ kàlẹ́ńdà náà sórí bébà, kí wọ́n fi férémù sí i, kí wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri ọ́fíìsì. Ó sọ ilé náà ní Ilé Àwòkọ́ṣe. Láti ìgbà yẹn, ilé yòówù tí onílé bá mú wá, ìbáà wà lẹ́bàá ilé ìwòsàn ńlá, ìbáà wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù, ìṣirò kan náà ni: ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún ọjọ́ ó lé márùndínláàádọ́rin. Igbákejì ló wá sọ lọ́jọ́ kan pé, "Ọ̀gá, kò bójú mu kí ọdún tiyín ní iye ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ọdún àwọn mẹ̀kúnnù." Ọ̀gá rò ó títí, ó rí i pé òótọ́ ni, wọ́n sì fi ọjọ́ kan kún un. Ọjọ́ Ọlá ni wọ́n pè é. Ẹnikẹ́ni ò béèrè bóyá àárín Sátidé àti Sọ́ńdè ló bọ́ sí.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ kì í dé ẹ̀yìnkùlé. Adìẹ ìyàwó rẹ̀ ló wà níbẹ̀, bàtà rẹ̀ kì í sì í ṣe bàtà tí adìẹ ń yàgbẹ́ sí. Bí wọ́n bá bi í pé àwọn àlejò rẹ̀ ńkọ́, á rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àlejò tèmi? Èèyàn iyì ni wọ́n. Ọdún méjì, mi ò gbọ́ ariwo wọn rí."

Ẹnìkan wà tó gba gbogbo èyí gbọ́ tọkàntọkàn. Màmá Akọ̀wé ni. Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìntì ni ìyá yìí, ìdajì àwọn ọmọ àdúgbò ló sì jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n já bọ́ sí. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ó fi ilé alájà kan sílẹ̀ fún un. Òkè ni òun ń gbé, ìsàlẹ̀ ló fi yá Tíṣà kan pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta, ó sì ti di ọdún keje. Nígbà tí Akọ̀wé lọ kí ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ìwé tuntun ló bá lórí tábìlì.

"Wá wò ó, ọmọ mi," ni ìyá wí. "Mílíọ̀nù mẹ́ta ó lé! Lọ́dún kan! Tíṣà ń san ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó, oṣù méjì ló sì fi ń san án díẹ̀díẹ̀."

"Màámi, èmi ni mo kọ ìwé yẹn."

"Mo mọ̀. Ṣé màá rí ìkọ̀wé ọmọ mi kí n má dá a mọ̀ ni? Ìdí tí mo fi gbà á gbọ́ nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Akọ̀wé lára. Ó jókòó. Ìyá rẹ̀ ń ṣàlàyé bí òun ti ṣètò gbogbo rẹ̀: ní Ọjọ́bọ tó ń bọ̀, Ọ̀gá Kòlèyẹ̀ máa fi òǹtẹ̀ lu ìwé àwọn onílé ní gbọ̀ngàn ìlú, òun sì ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè. Níbẹ̀ gan-an lòun máa fọwọ́ síwèé fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Wọ́n á yá òun ní mílíọ̀nù méjì láti fi tún ìsàlẹ̀ ṣe, ilé ni yóò sì dúró fún owó náà. Lẹ́tà tí òun máa fún Tíṣà pé kó kẹ́rù rẹ̀ ti wà nínú báàgì òun.

"Bí àlejò ò bá wá ńkọ́, Màámi? Ilé ni wọ́n máa gbà o."

"Ọ̀gá yín ní kò lè yẹ̀."

"Ṣé ẹ ò lè ní sùúrù díẹ̀ sí i?"

"Sùúrù kí ni?" Ohùn ìyá rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ó ti sú mi kí n máa tẹ́wọ́ sí ọ lóṣooṣù. O ò sọ nǹkan kan, mo mọ̀, ọmọ dáadáa ni ọ́. Àmọ́ mo ń wo bàtà tí o fi ń lọ síbi iṣẹ́. Ọdún wo lo rà á?"

Akọ̀wé wo bàtà rẹ̀. Àánú ìyá rẹ̀ ṣe é, ojú sì tì í, torí kò mọ̀ bóyá ohun tí òun fi ọwọ́ ara òun kọ sórí bébà yẹn jẹ́ òótọ́ tàbí irọ́. Ọdún mẹ́ta, kò béèrè rí.

Ìyá rẹ̀ ti ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ kọ́tìnì ìsàlẹ̀ sílẹ̀ de àwọn àlejò. Akọ̀wé ló gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbàfọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Bàbá àgbàlagbà ni alágbàfọ̀ yìí, òun ló sì ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì fún gbogbo ilé tó ń gba àlejò ní ìlú. Ó dì wọ́n ní ìdì-ìdì sórí pákó, ó kọ àmì ilé kọ̀ọ̀kan sára wọn.

"Bàbá, òwò yìí mà ń lọ dáadáa o," Akọ̀wé wí, ó ń wo àwọn ìdì náà.

"Ó sinmi lórí ilé. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn, ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń kó aṣọ wá. Àwọn ti àdúgbò yín, bí wọ́n bá rí àlejò fún ọjọ́ mẹ́wàá lóṣù, wọ́n á dúpẹ́. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin-mẹ́rin sì ni wọ́n ń gbà." Ó gbọn aṣọ kan. "Àlejò lè pa irọ́ orúkọ, onílé lè pa irọ́ owó, ṣùgbọ́n aṣọ bẹ́ẹ̀dì ò lè purọ́ fún mi."

"Ilé Ọ̀gá wa wá ńkọ́? Àlejò ò kúrò níbẹ̀ látọdún méjì."

Alágbàfọ̀ dúró. "Ilé Ọ̀gá yín? Kóòtù Ọ̀gá ni mo ń fọ̀ o. Ti aṣọ bẹ́ẹ̀dì àlejò, mi ò rí ẹyọ kan rí."

"Bóyá ìyàwó wọn ló ń fọ̀ ọ́ nílé."

"Bóyá," ni bàbá náà wí. Òun kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, ó lè sọ ọ́ bó ṣe wù ú.

Akọ̀wé jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó mú bírò. Ọjọ́ mẹ́wàá lóṣù, oṣù méjìlá, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin: ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀rìnlénírinwó ló já sí. Ó yọ owó aṣọ fífọ̀ kúrò, ó yọ iná, ó yọ ìpín àwọn onííńtánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó kù kò tó owó tí Tíṣà ń san. Ọ̀nà wo ni wọ́n á wá gbà san mílíọ̀nù méjì padà? Ilé bàbá rẹ̀ ni yóò lọ sí i.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ó wọlé lọ bá Ọ̀gá. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, sà. Àwọn àlejò tó wà ní Ilé Àwòkọ́ṣe, bóyá..."

Ọ̀gá ò gbọ́ ìyókù. Ó nawọ́ sí ògiri. Akọ̀wé dúró síbẹ̀ lábẹ́ kàlẹ́ńdà pupa náà, ó ń kọ "Kò lè yẹ̀" títí ọ̀sán fi pọ́n. Igbákejì kà á fínnífínní, ó ní mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ni, ó ní kó kọ ìkan tó kù. Bó ti ń kọ ọ́ ni inú ń bí i, irú èyí tí kò bí i rí láti ọdún mẹ́ta. Ó wo àwọn ọjọ́ pupa náà lókè orí rẹ̀, ó pinnu pé lọ́la òun á béèrè níwájú gbogbo ayé, kí ohun tó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ sí òun ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́bọ dé. Gbọ̀ngàn ìlú kún fọ́fọ́. Alága ìgbìmọ̀ ìlú, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, jókòó níwájú. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ìṣirò wọlé lórí àwo, Igbákejì ń rìn níwájú rẹ̀, ó ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n yàgò. Ọ̀gá Kòlèyẹ̀ wọ kóòtù dúdú. Ó dìde, ó húkọ́, ó dúró kí ikọ́ náà lè wọ àwọn èèyàn létí.

"Alága wa ọ̀wọ́n, àti ẹ̀yin onílé tí orí yín sunwọ̀n tí wọ́n fi bí yín sí àkókò mi yìí! Wọ́n ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n, nítorí náà wákàtí kan péré ni màá lò. Kí ni owó? Kí ni ilé? Ta ni mí? Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ìbéèrè kẹta..."

Màá dá ẹ̀mí yín sí. Ọ̀rọ̀ náà gba wákàtí kan àti ìdajì. Nígbà tó parí, wọ́n pe màmá Akọ̀wé. Ó wọ ìró tó dára jù lọ nínú àpótí rẹ̀. Ọkùnrin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tẹ́ ìwé sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó fún un ní bírò. Akọ̀wé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, òun ló gbé òǹtẹ̀ lọ́wọ́.

"Ọ̀gá, mo ní ìbéèrè kan." Akọ̀wé ló wí bẹ́ẹ̀. Kò sí bóyá nínú rẹ̀, kò sí nǹkan bíi, Igbákejì wá ẹ̀ṣẹ̀ tì. "Ta ló ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn àlejò yín?"

Láti ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí alágbàfọ̀ ti ń dúró de aṣọ tábìlì gbọ̀ngàn, ohùn kan dáhùn pé, "Ó ti pẹ́ tí èmi náà ti ń rò ó."

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. "Aṣọ bẹ́ẹ̀dì! Èmi ń sọ̀rọ̀ mílíọ̀nù, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ ọṣẹ!" Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Ká ní ó jókòó níbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá tán. Ṣùgbọ́n ojú Alága ò rẹ́rìn-ín, irú ojú bẹ́ẹ̀ sì ni Ọ̀gá ò lè gbà kó kọjá. Ó na ọwọ́ sókè. "Alága, ilé mi ò jìnnà. Ẹ dìde! Gbogbo yín, ẹ dìde! Ẹ jẹ́ ká lọ kí àwọn àlejò mi!"

"Kò lè yẹ̀!" ni Igbákejì pariwo.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo gbọ̀ngàn tú sójú títì. Ọ̀gá ló ṣáájú, Alága tẹ̀ lé e, ẹ̀rọ ìṣirò tẹ̀ lé Alága lórí àwo. Màmá Akọ̀wé gbàgbé láti gbé bírò kalẹ̀, ó mú un dání bó ṣe ń lọ. Akọ̀wé ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀yìnkùlé, Ọ̀gá ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó ń fẹsẹ̀ yẹ ìgbẹ́ adìẹ kọjá, ó kan ilẹ̀kùn ilé kékeré náà.

"Ẹ̀yin àlejò iyì wa! Ẹ̀yin tí ẹ fi gbogbo ilé tó wà láyé sílẹ̀, tí ẹ yan tèmi! Ìjọba ló wá kí yín!"

Igbákejì ti dọ̀bálẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn. Ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Ọ̀gá kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kejì.

"Wọ́n ń sinmi," ló wí.

"Ní aago méjì ọ̀sán?" ni Alága béèrè.

Ibẹ̀ ni ìyàwó Ọ̀gá ti jáde láti ibi tó ti ń po búrẹ́dì. Ogún ọdún ló ti fi ń ṣe búrẹ́dì tà. Ìyẹ̀fun dé ìgúnpá rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́rùn rẹ̀. "Ẹ káàsán o. Kí lẹ jọ ń wá lẹ́nu ilẹ̀kùn ìyẹ̀fun mi?"

Kò dúró de èsì. Ó ṣí i. Ẹ̀yin èèyàn mi, àpò ìyẹ̀fun ló wà níbẹ̀, láti ilẹ̀ dé àjà, nínú yàrá méjèèjì. Kò sí bẹ́ẹ̀dì. Páànù búrẹ́dì ló wà ní ibi ìdáná. Àlejò Ọ̀gá jókòó kalẹ̀ lóòótọ́, wọn kì í sì í pariwo.

"Àwọn àlejò dà?" Ọ̀gá béèrè. Ohùn rẹ̀ ti kéré.

"Àlejò wo? Bàbá ọmọ mi, ilé tí mo fi owó búrẹ́dì mi kọ́, ẹ ò bi mí kí ẹ tó ní kí n kó àjèjì wọ̀ ọ́. Mo gbé e síbẹ̀ bí ẹ ti wí. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo ti gbogbo ọjọ́ pa. Bí àlejò bá gba ọjọ́ kan, á pupa. Bí onílé bá tì í pa fúnra rẹ̀, á pupa bákan náà. Ṣé ẹ bi mí èwo ni?"

"Owó ńkọ́? Owó tí o ń kó fún mi lóṣooṣù, owó epo mọ́tò, owó kóòtù yìí..."

"Owó búrẹ́dì ni."

Ọ̀gá fara ti ilẹ̀kùn, ìyẹ̀fun sì bò ó lápá kan, kóòtù dúdú di funfun. Igbákejì dìde, ó gbọn eékún ṣòkòtò rẹ̀. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fura," ló wí fún Alága.

"Ilé mélòó lẹ ti fi kàlẹ́ńdà yìí ṣírò?" Alága bi Ọ̀gá.

Akọ̀wé ló dáhùn. "Mọ́kànlélógójì, mà. Èmi ni mo kọ gbogbo wọn."

Alága ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ síwèé kankan lọ́jọ́ náà, ó sì ní kí Ọ̀gá wá rí òun ní ọ́fíìsì òun pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ìjọba ló ń sọ. Màmá Akọ̀wé wo bírò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rìn lọ bá Ọ̀gá, ó rọra fi bírò náà sí àpò àyà kóòtù rẹ̀.

"Ẹ gbà, sà. Ẹ máa nílò rẹ̀."

Ó ṣí báàgì, ó mú lẹ́tà Tíṣà jáde, ó fà á ya wẹ́wẹ́, ó dà á sílẹ̀. Adìẹ méjì sáré wá, wọ́n ṣá a wò, wọ́n rí i pé kò ṣeé jẹ, wọ́n bá tiwọn lọ. Nínú gbogbo ẹ̀dá tí ìwé ọ́fíìsì yẹn ti dé iwájú wọn, àwọn ló kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gbé e mì.

Ìyá àti ọmọ jọ ń lọ sílé.

"Ìkọ̀wé rẹ dára," ni ìyá wí. "Àmọ́ láti òní lọ, jọ̀ọ́, máa bi ara rẹ léèrè ohun tí o bá ń kọ."

"Ẹ má bínú, Màámi." Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

"Mi ò bínú. Inú mi dùn pé o béèrè. Ẹ̀rù ló ń bà mí, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ta ilé bàbá rẹ nítorí lẹ́tà wúrà ara ilẹ̀kùn." Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. "Tíṣà máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìwọ lọ ra bàtà."

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, nǹkan ti yí padà ní ọ́fíìsì náà. Wọ́n ti fi ọ̀dà kun ilẹ̀kùn, lẹ́tà wúrà ti lọ. Kò sí ìwé ilé tó ń jáde mọ́ àfi bí ìwé alágbàfọ̀ bá wà nínú fáìlì rẹ̀, tó sọ iye aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí àwọn ilé bíi tirẹ̀ ń fọ̀ lóṣù. "Bóyá" ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Akọ̀wé ló jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń gba àwọn onílé, ó sì wọ bàtà tuntun.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó pe nọ́ńbà kọkàndínlógún. Ọkùnrin kan dìde lórí àga oníke tí àwọn èrò ń jókòó sí. Kò rí kóòtù wọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì bó díẹ̀díẹ̀ bí ọwọ́ ẹni tí ọṣẹ ń jẹ. Ìyàwó rẹ̀ ti rí ibi tó tóbi jù gbé ìyẹ̀fun sí. Ó ti sọ fún un pé bó bá wù ú kó gba àlejò, kó gbà á, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òun ni yóò sì máa fọ̀ ọ́.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ jókòó." Akọ̀wé ṣí fáìlì tuntun, ó mú bírò. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, ohun tó ń bi gbogbo onílé ló bi í. "Kí a tó lọ sọ́dọ̀ alágbàfọ̀, ẹ̀yin fúnra yín, èló lẹ rò pé ilé náà máa mú wọlé lọ́dún?"

Ọkùnrin náà gbójú sókè wo ògiri. Ojú ibi tí férémù wà tẹ́lẹ̀ ṣì mọ́ ju ìyókù lọ. Ó húkọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ gbọ́ ikọ́ náà, méjì nínú wọn ti fẹ́ dìde kí wọ́n tó rántí. Ẹnu rẹ̀ ṣí, ó pa dé, ó tún ṣí.

"Mi ò mọ̀," ló wí.

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i kí yíǹkì rẹ̀ gbẹ, ó gbé òǹtẹ̀, ó lù ú. Nínú gbogbo ìṣirò tí ọkùnrin yẹn ti ṣe láyé rẹ̀, ìyẹn nìkan ni kò yẹ̀.